Ìgbàgbọ́ Lábẹ́ Olúmọ: Bí Àwọn Onígbàgbọ́ Ẹ̀gbá Ṣe La Inúnibíni, Ogun àti Ìfọ́lé Já

Nínú ọ̀pọ̀ ìwé tí ó sọ ìtàn bí ẹ̀sìn Kristi ṣe dé ilẹ̀ Yorùbá, àwọn òyìnbó ajíhìnrere ni ìtàn náà máa ń tẹ̀ lé: ọjọ́ tí wọ́n dé, ilé tí wọ́n kọ́, àti ọjọ́ tí a lé wọn lọ. Bí a bá gba ọ̀nà yìí wo Abẹ́òkúta, ó yẹ kí ìtàn ìjọ ibẹ̀ ti parí ní oṣù kẹwàá ọdún 1867, nígbà tí àwọn ará ìlú fọ́ ilé ìsìn, tí wọ́n kó ilé àwọn ajíhìnrere, tí àwọn òyìnbó sì kó ẹrù wọn lọ sí Èkó. Síbẹ̀ ìjọ náà kò kú. Ìdí tí kò fi kú ni àròkọ yìí ń wá, ó sì wà nínú ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ṣáájú ọdún náà. Láti 1846 títí di nǹkan bí 1880, ìnira mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn onígbàgbọ́ Ẹ̀gbá là kọjá: èkíní wá láti ọwọ́ ẹbí wọn, èkejì láti ọwọ́ ọ̀tá tí ó wá gbógun ti ìlú, ẹ̀kẹta láti inú ìjà òṣèlú tí kì í ṣe àwọn ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ́ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi la èyí tí ó tẹ̀ lé e já.

Ìlú tí ìnira dá sílẹ̀

Abẹ́òkúta fúnra rẹ̀ jẹ́ ìlú àwọn tí ogun lé kúrò nílé. Láàárín 1820 sí 1830, lẹ́yìn tí ìlú Òwu ti fọ́, àwọn jagunjagun Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀bú, pẹ̀lú àwọn ará Ọ̀yọ́ tí wọn kò rí ilé gbé mọ́, ṣí wọ inú igbó Ẹ̀gbá, wọ́n sì ń pa àwọn ìlú kéékèèké ibẹ̀ run lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn tí ó ṣẹ́ kù sá lọ sí abẹ́ àpáta Olúmọ ní nǹkan bí ọdún 1830 lábẹ́ Ṣódẹkẹ́ olórí wọn, kò sì pẹ́ tí àwọn Òwu náà fi wá bá wọn. Ìlú kọ̀ọ̀kan tí ó wá ni ó mú orúkọ rẹ̀, àwọn olóyè rẹ̀ àti àwọn òrìṣà rẹ̀ dání, tí ó sì tẹ̀dó sí àdúgbò tirẹ̀, bíi Aké, Ìgbẹ̀ìn, Ìtòkò, Ìkìjà àti Ìgbórè. Ọwọ́ àwọn Ògbóni, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn àgbà tí ó ń dájọ́ tí ó sì ń ṣe òfin, ni agbára wà ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń bá àwọn Olórógun, ìyẹn àwọn olóyè ogun, àti àwọn Pàràkòyí, ìyẹn àwọn olórí ọjà àti òwò, pín in. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìdí tí inúnibíni fi gbóná ní àdúgbò kan nígbà tí àdúgbò kejì wà ní àlàáfíà gbọ́dọ̀ fi ètò yìí sọ́kàn, nítorí pé kò sí olóyè kan tí àṣẹ rẹ̀ dé gbogbo ẹnu ọ̀nà.

Ogun tí ó kó àwọn Ẹ̀gbá jọ náà ni ó fọ́n ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn ká. A tà wọ́n lẹ́rú sí etí òkun, ṣùgbọ́n àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba apá kan nínú wọn lójú omi, wọ́n sì kó wọn gúnlẹ̀ sí Freetown ní ilẹ̀ Sierra Leone. Níbẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ ìwé àti iṣẹ́ ọwọ́, tí púpọ̀ nínú wọn sì ti di onígbàgbọ́. Láti nǹkan bí 1839 ni wọ́n ti ń gba ọ̀nà Àgbádárìgì padà wá sílé, àwọn ará ilé sì ń pè wọ́n ní Sàró, orúkọ tí a yọ láti ara orúkọ ilẹ̀ tí wọ́n ti ń bọ̀. Àwọn ni wọ́n bẹ̀bẹ̀ pé kí a rán ajíhìnrere tẹ̀ lé àwọn. Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dé Abẹ́òkúta ní oṣù kejìlá ọdún 1842, Henry Townsend ti ẹgbẹ́ C.M.S., ìyẹn ẹgbẹ́ ajíhìnrere ti ìjọ Áńgílíkà, sì dé ní oṣù kìíní ọdún 1843, Ṣódẹkẹ́ sì gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀.

Ìrẹ̀wẹ̀sì àkọ́kọ́ dé kí ìjọ tó fìdí múlẹ̀ rárá. Nígbà tí Townsend, C. A. Gollmer àti Samuel Àjàyí Crowther gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní oṣù kìíní ọdún 1845 láti lọ máa gbé Abẹ́òkúta, ìròyìn kàn wọ́n pé Ṣódẹkẹ́ ti kú. Ọ̀nà dí, àwọn olóyè kò sì lè gba àlejò títí wọn yóò fi rí olórí mìíràn yàn, nítorí náà ó ju ọdún kan lọ tí wọ́n fi dúró sí Àgbádárìgì kí Townsend àti Crowther tó wọ Abẹ́òkúta ní oṣù kẹjọ ọdún 1846. Láàárín oṣù kan náà ni Crowther, tí a kó lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821 nígbà tí ó wà lọ́mọdé, tún fojú kan ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ní ọjọ́ 5 oṣù kejì ọdún 1848 ni a ṣe ìsàmì àkọ́kọ́ ní ìlú náà, ìyẹn ni pé a fi omi gba àwọn àgbàlagbà sínú ìjọ. Ìyá Crowther wà lára wọn, a sì sọ ọ́ ní Hannah.

Àbà àti pàṣán: inúnibíni ọdún 1849

Kò tó ọdún méjì lẹ́yìn ìsàmì yìí tí inúnibíni fi bẹ́ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣẹ̀yìn ohun mẹ́ta tí ó so ilé Yorùbá pọ̀, èyí tí àwọn onígbàgbọ́ tuntun fẹ́ fà sẹ́yìn nínú rẹ̀. Ìkíní ni ẹbọ: nígbà tí ọmọ ilé kan bá kọ̀ láti dá sí ẹbọ ẹbí tàbí láti jẹ nínú rẹ̀, ìbẹ̀rù àwọn yòókù ni pé ìbínú òrìṣà kò ní mọ sí orí rẹ̀ nìkan. Èkejì ni ìsìnkú: inú ilé ni àwọn Ẹ̀gbá ń sin òkú àgbà wọn sí, kí òkú lè máa bá alààyè gbé, ṣùgbọ́n àwọn onígbàgbọ́ fẹ́ kí a máa sin òkú tiwọn sí ọgbà ìjọ láìsí ètùtù, èyí tí ó dà bí ẹni pé wọ́n ń jí òkú gbé lọ mọ́ ẹbí lọ́wọ́. Ẹ̀kẹta ni ìgbéyàwó: wúńdíá tí ó ti di onígbàgbọ́ lè kọ ọkọ tí àwọn òbí rẹ̀ ti gba ìdána lọ́wọ́ rẹ̀. A kò gbọdọ̀ gbàgbé pé ọ̀rọ̀ owó wà níbẹ̀ pẹ̀lú, nítorí pé àwọn tí ó ń jẹun nídìí ẹbọ rí i pé oníbàárà ń dín kù, àwọn tí ó ń ṣòwò ẹrú sì mọ̀ pé àwọn ajíhìnrere kò fẹ́ òwò náà.

Nítorí náà, ilé ni inúnibíni ti bẹ̀rẹ̀ kí ó tó dé ọwọ́ ìjọba àdúgbò. Àwọn bàbá na àwọn ọmọ wọn, àwọn ọkọ lé àwọn aya wọn jáde, a sì kó ẹrù àwọn mìíràn. Nígbà tí èyí kò mú wọn yí padà, àwọn Ògbóni dá sí i, wọ́n mú ọkùnrin àti obìnrin, wọ́n na wọ́n ní pàṣán, wọ́n sì kan àbà mọ́ ẹsẹ̀ wọn. Àbà ni igi ńlá tí a gbẹ́ ihò sí, tí a ń ki ẹsẹ̀ ọ̀daràn bọ̀ kí ó má lè dìde. A sì lè fi ènìyàn sínú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ nínú oòrùn àti òjò. Ohun tí a bi wọ́n kò ju ẹyọ kan lọ: ṣé wọn yóò padà sí ìdí òrìṣà bàbá wọn? Ẹni tí ó bá gbà, a tú u sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Èyí fi hàn pé àwọn tí ó ń fìyà jẹ wọ́n kò fẹ́ kí wọ́n kú. Wọ́n fẹ́ kí wọ́n padà wálé. Ibẹ̀ gan-an ni ìnira náà ti le jù, nítorí pé ọwọ́ tí ó di pàṣán mú náà ni ọwọ́ tí ó ti ń bọ́ wọn, ẹkún ìyá sì lè ṣe ohun tí pàṣán kò lè ṣe.

Crowther àti J. C. Müller, ajíhìnrere ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ń lọ láti ọ̀dọ̀ olóyè kan sí òmíràn láti bẹ̀bẹ̀ fún àwọn tí a dè, nítorí pé Townsend ti lọ sí England ní àkókò náà. Ṣágbùà Òkúkẹ́nù tí ó jẹ́ olórí ní Aké, ẹni tí ó di Aláké ní 1854, àti Ògúnbọ̀nà tí ó jẹ́ Balógun Ìkìjà, fẹ́ràn àwọn ajíhìnrere. Ní ọdún 1849 yìí kan náà ni Ṣágbùà gba Bíbélì méjì tí Ọbabìnrin Victoria fi ránṣẹ́ sí i. Bí ó ti wù kí ó rí, ẹ̀bùn ọbabìnrin kò lè ṣí àbà ní àdúgbò tí kì í ṣe ti Ṣágbùà. Àwọn onígbàgbọ́ tètè rí i pé ojú rere olóyè ńlá dára, ṣùgbọ́n pé kò tó gbára lé.

Ohun tí wọ́n wá gbára lé ni ètò tí a ń pè ní kíláàsì. Ẹgbẹ́ kéékèèké ni kíláàsì jẹ́, tí olórí rẹ̀ mọ olúkúlùkù ní orúkọ, tí wọ́n sì ń pàdé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti gbàdúrà, láti kọ́ ẹ̀kọ́ àti láti dá owó. Yàrá ẹnì kan tàbí abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó láti pàdé sí, nítorí náà títi ilẹ̀kùn ilé ìsìn kò dá a dúró. Bí ẹnì kan kò bá wá, a óò bèèrè rẹ̀. Bí ẹbí bá lé ẹnì kan jáde, ilé ọmọ kíláàsì mìíràn ni yóò sùn. Ẹgbẹ́ yìí kò ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá, ẹni tí ó ti mọ ẹgbẹ́ ọjọ́ orí, àjọ àti ọ̀wẹ̀, ìyẹn iṣẹ́ tí àwọn ènìyàn ń pawọ́ pọ̀ bá ara wọn ṣe. Ohun tí ó tuntun níbẹ̀ ni pé ẹrú àti ọmọ bíbí, ará Ìtòkò àti ará Ìgbórè, lè jókòó nínú ẹyọ kan. Ẹni tí ẹbí kọ̀ rí ẹbí mìíràn níbẹ̀.

Ohun kejì ni ìwé. Ní 1850 ni a tẹ Ìwé Àdúrà ní èdè Yorùbá àti ìtumọ̀ tí Crowther ṣe sí Episteli sí àwọn ará Romu, lẹ́tà tí ó sọ pé ìpọ́njú ń bí sùúrù. Àwọn tí ìwé náà kọ́kọ́ bọ́ sí lọ́wọ́ ní Abẹ́òkúta jẹ́ ẹni tí ojú àpá pàṣán kò tíì jinná lára wọn, nítorí náà wọn kò nílò alálàyé kí ọ̀rọ̀ náà tó yé wọn. Àwọn àgbà Yorùbá ní ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Àwọn ọmọ abẹ́ Olúmọ mọ àpáta, wọ́n sì ti wá mọ àáké.

Ogun Dàhòmì: ìjọ lórí odi ìlú

Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta ọdún 1851, Gezo, ọba Dàhòmì, kó ogun ńlá wá bá Abẹ́òkúta, àwọn jagunjagun obìnrin rẹ̀ tí òkìkí wọn kàn sì wà nínú ẹgbẹ́ ogun náà. Tọkùnrin tobìnrin Ẹ̀gbá ni ó jáde sí odi, ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà Àró, wọ́n sì lé wọn padà. Àwọn onígbàgbọ́ jà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tí ó nà wọ́n ní ọdún méjì ṣáájú, èyí tí ó sì ṣe pàtàkì púpọ̀, nítorí pé ẹ̀sùn tí ó wúwo jù lórí wọn ni pé ẹni tí ó kọ òrìṣà ìlú sílẹ̀ ti kọ ìlú sílẹ̀. Lẹ́yìn ogun náà, ẹ̀sùn yìí kò rọrùn láti kà sí wọn lọ́rùn mọ́. Nígbà tí àwọn olóyè tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù kìíní ọdún 1852, wọ́n gbà láti fi òpin sí títa ẹrú sókè òkun àti láti dáàbò bo àwọn ajíhìnrere. Ìwé àdéhùn náà ṣe pàtàkì fún àwọn òyìnbó, ṣùgbọ́n odi Àró ni ó bá onígbàgbọ́ tí ó jẹ́ ọmọ Ẹ̀gbá tún orúkọ rẹ̀ ṣe láàárín àwọn ará ilé rẹ̀.

Ìṣẹ́gun náà kò ṣàìní òfò. Lára àwọn tí Dàhòmì kó lẹ́rú ní 1851 ni John Baptist Dásálù, ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn onígbàgbọ́ Ẹ̀gbá, ẹni tí àwọn ará ilé rẹ̀ gbà pé ó ti kú. A tà á kọjá òkun dé Cuba, erékùṣù tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti ń ṣiṣẹ́ ẹrú nígbà náà. Nígbà tí ìròyìn padà dé pé ó wà láàyè, ìjọ Abẹ́òkúta àti ẹgbẹ́ C.M.S. ní London, tí Henry Venn jẹ́ akọ̀wé rẹ̀, mú kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá sí ọ̀rọ̀ náà, a sì tú u sílẹ̀, ó padà wálé lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún tí kò padà, ẹyọ kan ni Dásálù, ṣùgbọ́n ìpadàbọ̀ rẹ̀ wúwo lọ́kàn àwọn ènìyàn tí ó jẹ́ pé kò sí ilé kan láàárín wọn tí kò ní ẹni tí ogun gbé lọ. Ní 1862 irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ tún dé láti Ìṣàgà, ìlú tí Dàhòmì fọ́. A gbọ́ pé wọ́n ti kan Doherty, katikísì ìjọ ibẹ̀, mọ́ igi. Ó sì pẹ́ kí ó tó hàn pé ó wà láàyè nínú ìgbèkùn, kí a sì tó tú u sílẹ̀. Katikísì ni ẹni tí ó ń kọ́ ìjọ tí ó sì ń darí ìsìn láìtíì jẹ́ àlùfáà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ìjọ Ẹ̀gbá fi gbé pẹ̀lú irú ìròyìn báyìí, tí kò jẹ́ kí a ṣọ̀fọ̀ tán, tí kò sì jẹ́ kí a yọ̀.

Nígbà tí Glele, ọmọ Gezo, tún kó ogun dé ní ọjọ́ 15 oṣù kẹta ọdún 1864, nǹkan ti yí padà. Àwọn onígbàgbọ́ ti ní balógun tiwọn, John Òkénlá, tí ó ń kó wọn lọ sójú ogun gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ẹ̀gbá yòókù. Láàárín ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àwọn tí ẹsẹ̀ wọn wà nínú àbà ti di àwọn tí ìlú ń retí lórí odi.

Ọ̀nà tí ó dí: ogun Ìjàyè

Láàárín ogun Dàhòmì méjèèjì, ogun mìíràn tún jà láàárín àwọn Yorùbá fúnra wọn. Lẹ́yìn ikú Aláàfin Àtìbà ní 1859, Kúrunmí, Ààrẹ Ìjàyè, kọ̀ láti gba Adélù, àrẹ̀mọ Àtìbà, ní ọba, nítorí pé ó gbà pé ó yẹ kí àrẹ̀mọ bá ọba kú. Ìbàdàn gbógun tì í, Ẹ̀gbá gbè é lẹ́yìn, ìjà náà sì jà láti 1860 títí Ìjàyè fi fọ́ ní oṣù kẹta ọdún 1862. Ebi pa Ìjàyè kí ó tó fọ́, àwọn ọmọ òrukàn sì kún Abẹ́òkúta, níbi tí àwọn ajíhìnrere Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà ti gba púpọ̀ nínú wọn sílé.

Ogun yìí pín àwọn onígbàgbọ́ sí ọ̀tún àti òsì, nítorí pé ìjọ wà ní Ìbàdàn náà. David Hinderer tí ó jẹ́ ajíhìnrere níbẹ̀ àti Anna aya rẹ̀, tí wọ́n ń gbé àdúgbò Kúdẹtì, wà nínú ìhámọ́ nítorí pé ọ̀nà etí òkun ti dí, wọ́n sì ta ẹrù ilé wọn kí wọ́n lè rí oúnjẹ fún àwọn ọmọ tí ó wà lọ́dọ̀ wọn. Daniel Olúbí, ọmọ Ẹ̀gbá tí ó bá Hinderer wá láti Abẹ́òkúta, dúró tì wọ́n ní ìlú tí ó ń bá ìlú rẹ̀ jà. Nígbà tí àwọn Hinderer padà lọ sí ilẹ̀ wọn ní 1869, ọwọ́ Olúbí ni ìjọ Ìbàdàn bọ́ sí. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìrọ̀wọ́rọsẹ̀ ní Ìbàdàn yìí, Abẹ́òkúta ti fi ipá kọ́ ọ ní ọdún méjì ṣáájú.

Ìfọ́lé, 1867

Ìfọ́lé ni orúkọ tí àwọn Ẹ̀gbá fún ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá ọdún 1867, orúkọ náà sì túmọ̀ ara rẹ̀. Gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà wà ní Èkó. Gẹ̀ẹ́sì ti gba Èkó ní oṣù kẹjọ ọdún 1861, John Hawley Glover tí ó wá ń ṣe olórí ìjọba ibẹ̀ sì fẹ́ kí ọ̀nà òwò láti Èkó dé òkè ọya ṣí láìgba ọwọ́ Ẹ̀gbá kọjá. Ní 1865 àwọn ọmọ ogun rẹ̀ lé àwọn Ẹ̀gbá kúrò ní Ìkòròdú. Ní ọdún kan náà ni George William Johnson, Sàró kan, dá ìgbìmọ̀ ìjọba kan sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta, kí Ẹ̀gbá lè máa fi ìwé bá ìjọba Èkó sọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí orílẹ̀-èdè, kí wọ́n sì máa gba owó bodè lórí ẹrù tí ó ń kọjá. Nígbà tí Glover fi ọlọ́pàá sí ojú ọ̀nà tí àwọn Ẹ̀gbá kà sí ilẹ̀ wọn ní 1867, ìbẹ̀rù ìlú ni pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Èkó ti ń bọ̀ wá sí abẹ́ Olúmọ.

Townsend kì í ṣe ọ̀rẹ́ Glover, ó sì ti gbè sẹ́yìn Ẹ̀gbá nínú ọ̀rọ̀ ogun Ìjàyè. Ṣùgbọ́n lójú àwọn tí ó jáde lọ́jọ́ náà, òyìnbó ni òyìnbó ń jẹ́. Ṣágbùà ti kú ní 1862, kò sì sí Aláké lórí ìtẹ́ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè dá wọn dúró. Wọ́n wọ àwọn ilé ìsìn àti ilé àwọn ajíhìnrere, wọ́n kó ohun tí ó ṣeé kó, wọ́n sì ba ìyókù jẹ́. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí Townsend fi ń tẹ Ìwé Ìròyìn fún àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún 1859 tí a sì ń ta ẹ̀dà rẹ̀ ní ọgọ́fà owó ẹyọ, fọ́, ìwé ìròyìn náà sì parí síbẹ̀. Ohun ìní ni ìjà náà dojú kọ ju ẹ̀mí lọ. Kí oṣù náà tó tán, àwọn òyìnbó ti ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Èkó. James Churchwill Vaughan, ọmọ dúdú tí a bí ní South Carolina ní Amẹ́ríkà, tí ó wá wá òmìnira ní ilẹ̀ baba ńlá rẹ̀, pàdánù ohun tí ó ní ní Abẹ́òkúta náà, ó sì lọ bẹ̀rẹ̀ ayé mìíràn ní Èkó.

Àwọn onígbàgbọ́ tí ó jẹ́ ọmọ ìlú wá wà ní ipò tí kò rọrùn. Ní 1849, ìbéèrè tí a bi wọ́n ṣe kedere. Ẹni tí ó bá sẹ́ Kristi yóò bọ́, ẹni tí kò bá sẹ́ yóò jìyà. Ní 1867, ẹnikẹ́ni kò ní kí wọ́n sẹ́. Wọ́n ń san gbèsè ohun tí Glover ṣe, wọn kò sì lè sọ pé ìbínú ìlú kò ní ìdí, nítorí pé àwọn náà jẹ́ Ẹ̀gbá, bodè tí Glover fẹ́ gbà sì jẹ́ tiwọn. Irú ìnira yìí a máa mú ìrẹ̀wẹ̀sì wá ju pàṣán lọ, nítorí pé ẹni tí a nà nítorí ìgbàgbọ́ rẹ̀ mọ ìdí tí ó fi ń jìyà, ṣùgbọ́n ẹni tí ilé ìsìn rẹ̀ wó nítorí ìjà bodè kò mọ ohun tí ó yẹ kí ó fara dà.

Àwọn tí ó lọ àti àwọn tí ó dúró

Ọ̀nà méjì ni wọ́n gbà. Apá kan tẹ̀ lé àwọn ajíhìnrere lọ sí Èkó, Glover sì fún wọn ní ilẹ̀ ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tà, níbi tí àgọ́ Ẹ̀gbá ti dìde, tí ìjọ St. Jude sì ti bẹ̀rẹ̀ láàárín wọn. A kò lè pè wọ́n ní ojo, nítorí pé ìtàn Ẹ̀gbá fúnra rẹ̀ ni ìtàn àwọn tí ó ṣí kúrò kí wọ́n lè wà láàyè, tí wọ́n sì tún ilé kọ́ síbòmíràn láìsọ orúkọ wọn nù.

Apá tí ó pọ̀ jù dúró sílé. Fún ìgbà díẹ̀ kò ṣeé ṣe láti ṣe ìsìn ní gbangba, ilé ìsìn sì wà ní àlàpà. Ìgbà yìí ni ohun tí wọ́n kọ́ ní 1849 wúlò, nítorí pé ìjọ tí ó ti mọ bí a ṣe ń pàdé nínú yàrá ní kíláàsì kíláàsì kò nílò agogo kí ó tó mọ̀ pé ọjọ́ Àìkú ti dé. Ìwé Àdúrà ní èdè Yorùbá wà lọ́wọ́ wọn, apá púpọ̀ nínú Bíbélì náà sì ti jáde. Ẹni tí ó bá lè kà á lè darí ìsìn. Ohun tí ogun Dàhòmì ṣe náà sì gbè wọ́n, nítorí pé ìlú tí ó rí wọn lórí odi ní 1864 lè bínú sí òyìnbó, ṣùgbọ́n kò lè ní òun kò mọ ọmọ òun. Àwọn olùṣọ́ àgùntàn dúdú, bíi William Moore tí ó wà ní Ọ̀ṣíẹ̀lẹ̀ lẹ́yìn odi ìlú, ń bá iṣẹ́ lọ, díẹ̀díẹ̀ ni a sì tún àwọn ilé ìsìn kọ́. Onírèsé lè kọ̀ kí ó má fíngbá mọ́, èyí tí ó ti fín sílẹ̀ kò lè parun. Ṣùgbọ́n ní Abẹ́òkúta, ọwọ́ tí ó fín igbá náà ju ti Townsend lọ, púpọ̀ nínú àwọn ọwọ́ náà sì wà nílé síbẹ̀.

Kì í ṣe pé gbogbo nǹkan wá dùn lẹ́yìn náà. Nígbà tí a rán James Johnson, Sàró tí àwọn ènìyàn ń pè ní Johnson Mímọ́, láti wá ṣe alábòójútó ìjọ Abẹ́òkúta ní nǹkan bí 1877, ìnira mìíràn yọjú láti inú ìjọ fúnra rẹ̀. Ó fẹ́ kí àwọn onígbàgbọ́ tí ó ní ẹrú tú wọn sílẹ̀, àwọn ọlọ́lá ìjọ sì kọ̀; ní 1880 a gbà á kúrò níbẹ̀. Àwọn tí ó fara da pàṣán bàbá wọn kò fẹ́ fara da àdánù ọrọ̀ wọn, èyí tí ó fi hàn pé ìgbàgbọ́ tí ó la inúnibíni já lè kọsẹ̀ lórí ìrọ̀rùn.

Hannah, ìyá Crowther, kú ní Èkó ní 1883, ọdún kan kí odindi Bíbélì tó jáde ní èdè Yorùbá. Ẹ̀mí rẹ̀ gùn dé ibi tí ó fi ju gbogbo ìnira tí àròkọ yìí sọ lọ: ogun tí ó gba ọmọ rẹ̀, pàṣán ọdún 1849, odi Àró, àti Ìfọ́lé. Nígbà tí àwọn òyìnbó ajíhìnrere tún padà wá gbé Abẹ́òkúta, ìjọ tí wọ́n bá níbẹ̀ ti ní kíláàsì rẹ̀, ìwé rẹ̀, àlùfáà rẹ̀ àti àríyànjiyàn rẹ̀. Ó ti ń fi èdè tirẹ̀ gbàdúrà nínú ilé tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún kọ́, àwọn tí ó padà dé náà sì wọlé bí àlejò ṣe ń wọlé onílé.